A Kì í Fá Orí Lẹ́yìn Olórí

Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni àwa Yorùbá ti fi ìwà ṣe olórí ohun gbogbo tí ọmọ ènìyàn lè ní láyé, tó bẹ́ẹ̀ tí a kì í ka ẹwà tí kò ní ìwà nínú sí ẹwà, tí a kì í sì í ka ọmọ tí a bí tí a kò kọ́ sí ọmọ tí yóò gbé ilé baba rẹ̀ ró. Nítorí náà kò sí àgbàlagbà tí ẹnu yóò yà bí a bá ní kí a tètè tún ìwà ọmọ ṣe, kékeré ni a sáà ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ìyá a máa bá ọmọ wí, bàbá a máa bá a wí, aládùúgbò pàápàá a máa bá a wí, ẹnikẹ́ni kì í sì í bi wọ́n pé ta ni ó fún wọn láṣẹ, nítorí pé ojú gbogbo wọn ni ọmọ náà yóò ṣe dàgbà, bí ó bá yanjú tàbí bí ó bá bàjẹ́, àárín gbogbo wọn ni yóò wà. Ọ̀rọ̀ tí ó gba àròjinlẹ̀ ni ti ẹni tí kò bí ọmọ, tí kò bá a tan, tí kò sì ní í bá a gbélé di alẹ́, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ pé iṣẹ́ tí a ń sanwó oṣù fún un láti ṣe gan-an ni pé kí ó yí ìwà ẹlòmíràn padà, ìbáà ṣe ti ọmọ tí kò lè sọ̀rọ̀, ìbáà ṣe ti aláìsàn ọpọlọ, ìbáà ṣe ti arúgbó tí iyè rẹ̀ ti ra. Níbo ni àṣẹ irú ẹni bẹ́ẹ̀ mọ? Bí ẹni tí a ń tún ìwà rẹ̀ ṣe bá sì ní òun kò fẹ́, ta ni ó yẹ kí ó gbọ́ ọ, kí ni ó sì yẹ kí ó ṣe nígbà tí ó bá gbọ́ tán?

Iṣẹ́ tí mo ń wí yìí ti di iṣẹ́ ńlá. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ti gbilẹ̀ jù lọ, B. F. Skinner, tí a bí ní 1904 tí ó sì kú ní 1990, ni ọ̀pọ̀ àwọn oníṣẹ́ náà sì ń kà sí baba ìsàlẹ̀ wọn. Ara eku àti ẹyẹlé ni Skinner ti kọ́kọ́ ṣe àkíyèsí tirẹ̀, ohun tí ó sì rí kò ṣòro láti yé ni: ohun tí ìwà bá mú bọ̀ fún ẹni tí ó hù ú ni yóò sọ bóyá yóò tún un hù lọ́la. Ẹyẹlé tí ó sọ àmì kan lẹ́nu, tí oúnjẹ sì jábọ́ síwájú rẹ̀, yóò tún un sọ. Ọmọ tí ó nawọ́ sí ife, tí ó sì pe omi bí ó ti wù kí ẹnu rẹ̀ gbé e, tí a sì fún un lómi lójú ẹsẹ̀ pẹ̀lú ìyìn, yóò tún gbìyànjú láti pè é. Àwọn atúnwàṣe, bí a ti lè pe àwọn oníṣẹ́ náà, a máa kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: kí ni ó ṣẹlẹ̀ kí ọmọ tó fi orí gbá ògiri, kí ni ó tẹ̀lé e nígbà tí ó gbá a tán, ẹ̀ẹ̀melòó ni lójúmọ́, wọn a sì wá ọ̀nà láti yí èyí tí ó ṣáájú àti èyí tí ó tẹ̀lé e padà, kí ìwà náà lè yí. N kò rí ẹ̀bi kankan nínú èyí. Ìyálọ́jà tí ń bu ènì fún oníbàárà rẹ̀ kí ó lè padà wá lọ́jọ́ mìíràn ti mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó bí Skinner.

Ohun tí ó bani lẹ́rù níbẹ̀ ni pé ọgbọ́n náà ń jẹ́. Òògùn tí kì í jẹ́, kò sí ẹni tí ń bi í léèrè; èyí tí ó bá ń jẹ́ ni a ń wádìí pé ọwọ́ ta ni ó wà. Ní 1920, ní ìlú Baltimore, àwọn onímọ̀ méjì, John Watson àti Rosalie Rayner, mú ọmọ ọwọ́ kan tí kò tíì pé ọdún kan, tí kò bẹ̀rù eku funfun rárá, wọ́n gbé eku síwájú rẹ̀, bí ó bá sì ti fọwọ́ kàn án ni wọn a fi òòlù lu irin gbàmù lẹ́yìn orí rẹ̀, títí tí ọmọ náà fi ń bú sẹ́kún bí ó bá ti fojú kan eku, tí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ lu irin mọ́. Nígbà tí ọwọ́ wọn tẹ ohun tí wọ́n ń wá, ọmọ náà kúrò lọ́dọ̀ wọn láìjẹ́ pé a tú ẹ̀rù tí a dì mọ́ ọn lára. Ẹni tí a fi orí rẹ̀ fọ́ àgbọn kì í jẹ níbẹ̀. Èèwọ̀ àkọ́kọ́ tí iṣẹ́ yìí ìbá ti tibẹ̀ kọ́ nìyẹn, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí ó tó kọ́ ọ.

Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò lè ṣàìjáde bí a bá ń sọ ọ̀rọ̀ yìí ni Ole Ivar Lovaas, ọmọ ilẹ̀ Nọ́wè tí ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Kalifọ́níà ní Los Angeles. Kí a má bàa purọ́ mọ́ òkú, ó yẹ kí a kọ́kọ́ sọ bí ó ti bá ayé. Nígbà náà, bí ọmọ bá ní ọ̀tísíìmù, àwọn onímọ̀ kan wà, Bruno Bettelheim sì ni olókìkí láàárín wọn, tí wọ́n ń sọ pé òtútù ọkàn ìyá rẹ̀ ni ó fà á. Ìmọ̀ràn tí òbí sì sábà ń gbà ni pé kí ó gbé ọmọ náà lọ sí ilé àwọn abirùn, kí ó fi sílẹ̀ níbẹ̀, kí ó tún òmíràn bí. Lovaas ní àwọn ọmọ wọ̀nyí lè kọ́ ẹ̀kọ́. Ó jókòó tì wọ́n, ó ń kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó ń fi oúnjẹ bíńtín sí wọn lẹ́nu bí wọ́n bá gbà á. Ìyá tí gbogbo ayé ti dá lẹ́bi, tí ẹnìkan wá sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ ṣì lè pe orúkọ rẹ̀ lọ́jọ́ kan, kí ni a fẹ́ kí ó ṣe bí kò ṣe kí ó kúnlẹ̀ dúpẹ́?

Ṣùgbọ́n ọwọ́ kejì kò sinmi. Ní 1965 ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ́ irin pẹlẹbẹ tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ sí ilẹ̀ yàrá kan, tí wọ́n so ó mọ́ iná mànàmáná, tí wọ́n sì mú àwọn ìbejì ọkùnrin ọlọ́dún márùn-ún kan wọ ibẹ̀ ní ẹsẹ̀ lásán. Bí iná bá gbé wọn lẹ́sẹ̀, ọ̀nà kan ṣoṣo tí wọ́n fi lè bọ́ ni kí wọ́n sá tọ àgbàlagbà tí ó nawọ́ sí wọn lọ, kí àgbà lè di ibi ìsádi lójú wọn. Èjìrẹ́ ará Ìṣokùn, tí ìyá ilẹ̀ wa ń tìtorí wọn jó yí ọjà ká, tí a ń gbẹ́ ère fún bí ọ̀kan nínú wọn bá ṣaláìsí, irú wọn ni a gbé dúró lórí iná kí wọ́n lè kọ́ bí a ti ń fẹ́ ènìyàn. Wọ́n sì kọ́ ohun tí a ní kí wọ́n kọ́, wọ́n ń sá tọ àgbà lọ. Ìwé ìròyìn Life gbé àwòrán iṣẹ́ Lovaas jáde ní ọdún yẹn kan náà, tòun ti bí a ti ń gbá ọmọ lójú, fún gbogbo Amẹ́ríkà láti wò, iṣẹ́ náà sì ń bá a lọ. Ní 1987 ó kọ̀wé pé nínú ọmọ 19 tí òun fún ní ẹ̀kọ́ wákàtí 40 lọ́sẹ̀, àwọn 9 bá ẹgbẹ́ wọn mu ní ilé ìwé. Orí ìwé yẹn ni ọ̀pọ̀ ilé ìtọ́jú gbé ìpìlẹ̀ wọn lé. Ohun tí àwọn tí ń polówó rẹ̀ kì í sábà rántí sọ ni pé gbígbá ọmọ nítan wà lára ohun tí a fi kọ́ wọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá hàn gbangba bí ọjọ́ ni ilé kan ní ìlú Canton, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, tí a ń pè ní Judge Rotenberg Center, tí Matthew Israel, ẹni tí ó kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Skinner, dá sílẹ̀ ní orúkọ mìíràn ní 1971. Níbẹ̀, àwọn kan nínú àwọn tí a ń tọ́jú a máa gbé àpò kọ́ ẹ̀yìn, ẹ̀rọ iná wà nínú àpò náà, okùn rẹ̀ sì so mọ́ apá tàbí ẹsẹ̀ wọn. Òṣìṣẹ́ tí ó dúró lókèèrè ni ó mú ohun tí yóò tẹ̀ lọ́wọ́ tí iná yóò fi gbé wọn. Wọ́n ní nítorí àwọn tí ń bu ara wọn jẹ, tí ń fi orí gbá ògiri títí tí ojú fi lè fọ́, ni àwọn ṣe ṣe é. Ní 2002, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní òun kò ní í bọ́ ẹ̀wù àwọ̀lékè òun. Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ó kígbe, wọ́n dojú rẹ̀ dé, wọ́n dè é mọ́ pátákó tọwọ́tẹsẹ̀, bí ó bá sì ti pariwo tàbí tí ó ki ara rẹ̀ le de iná tí ń bọ̀ ni wọ́n tún ń tẹ̀ ẹ́, títí ó fi pé ìgbà 31. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà ni ilé ẹjọ́ fi àwòrán rẹ̀ han aráyé, nítorí pé ẹ̀rọ ayàwòrán ti ká gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ yìí dáadáa. Ọmọ náà kò bu ara rẹ̀ jẹ, kò fi orí gbá ògiri; ó ní òun kò fẹ́, òun ni iná àkọ́kọ́ fi gbé e. Àwọn ìgbà tí ó kù, ìrora tí iná fà ni a fi iná jẹ níyà.

Ní oṣù kẹjọ 2007, ẹnìkan fi tẹlifóònù pe ọ̀kan nínú àwọn ilé tí ilé ìtọ́jú kan náà ń kó àwọn ọmọ sí, lóru, ó ní ọ̀gá ni òun, ó ní àwọn ọmọkùnrin méjì kan ti ṣẹ̀, kí wọ́n fi iná jẹ wọ́n níyà. Ọ̀gá kọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ dìde, wọ́n fà wọ́n kúrò lójú oorun, láàárín nǹkan bí wákàtí mẹ́ta sì ni iná fi gbé ọ̀kan ní ìgbà 77, tí ó gbé èkejì ní ìgbà 29. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi ti ọmọ jẹ́ ẹ, ni àwọn baba wa wí; ṣùgbọ́n iṣẹ́ ẹrú ni a rán àwọn wọ̀nyí, bí ẹrú ni wọ́n sì ṣe jẹ́ ẹ. Èmi kò gbà pé ìkà ènìyàn ni wọ́n bí. Ohun tí mo gbà ni pé ilé tí igbe ẹni tí ń jìyà kì í ti í ṣe ìròyìn, tí ó jẹ́ pé ìwé nìkan ni a ń kọ ọ́ sí, ohùn inú tẹlifóònù yóò rinlẹ̀ níbẹ̀ ju ohùn ẹni tí ó wà nínú yàrá lọ. Ní 2013 aṣojú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ọ̀rọ̀ ìdánilóró dá iná náà lẹ́bi. Ní 2020 àjọ tí ń ṣàkóso oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà fòfin de ẹ̀rọ náà. Ní 2021 ilé ẹjọ́ kan ní Washington da òfin náà nù. Nígbà tí 2022 ń parí lọ ni ilé aṣòfin wá fún àjọ náà ní àṣẹ láti fòfin dè é, àjọ náà sì tún bẹ̀rẹ̀ ètò ìfòfindè láti ìbẹ̀rẹ̀ ní 2024.

Àwọn òbí wà tí wọ́n gbèjà ilé náà títí dé ilé ẹjọ́, kò sì yẹ kí a fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ohun tí ó ń dun ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ ti fi ìka yọ ojú ara rẹ̀ tán díẹ̀ ló kù, tí ilé ìtọ́jú mẹ́ta mẹ́rin ti lé jáde, tí oògùn sì ti sọ ọ́ di òkú tí ń mí, bí ó bá ní iná ni ó jẹ́ kí ọmọ òun lè jókòó jẹun, kí ni èmi tí n kò sun irú oorun tí ó ń sùn fẹ́ sọ fún un? Ohun kan ṣoṣo ni mo lè sọ, mo sì ń fi ìrẹ̀lẹ̀ sọ ọ́: ìfọwọ́sí òbí ni ìlẹ̀kùn àkọ́kọ́, kì í ṣe ìlẹ̀kùn ìkẹyìn. Òbí ni ó ni ọmọ. Orí ọmọ ní olórí tirẹ̀. Ọmọ tí kò lè sọ̀rọ̀ náà ní ọ̀nà tí ó ń gbà kọ̀: a yíjú, a ki ara le, a sá, a ju àwo oúnjẹ nù. Bí atúnwàṣe bá gbọ́n tó láti mọ̀ pé ọmọ yìí ń tọrọ bísíkíìtì nígbà tí ó bá na ìka sí i, n kò mọ ìdí tí ọgbọ́n rẹ̀ yóò fi parí lójijì nígbà tí ìka kan náà bá ń tì í sẹ́yìn.

Ìgbàgbọ́ àwọn baba wa lórí ọ̀rọ̀ yìí lágbára ju bí a ti ń lò ó lọ. Wọ́n ní lọ́dọ̀ Àjàlá ni olúkúlùkù ti yan orí tirẹ̀ kí ó tó sọ̀ kalẹ̀ wá sáyé, wọ́n sì gbà pé kò sí òrìṣà tí ó lè ṣe ènìyàn lóore kan bí orí onítọ̀hún kò bá fọwọ́ sí i. Ẹ rò ó wò. Bí àwọn òrìṣà, tí ìbà wọn ń jẹ́ lọ́run tí ó ń jẹ́ láyé, bá ní láti dúró de orí, ta ni ẹni tí ó gba ìwé ẹ̀rí yunifásítì tí kò ní í dúró? Awo pàápàá ní èèwọ̀ tirẹ̀: kò gbọdọ̀ fi ohun tí kò mọ̀ ṣe ohun tí ó mọ̀, kò sì gbọdọ̀ fi àìmọ̀ ẹni tí ó wá bá a ṣe ọ̀nà oúnjẹ.

Ìtàn kan tún wà tí gbogbo wa mọ̀, ti Òrìṣàńlá, Alábàláṣẹ, Alámọ̀rere tí ń mọ ojú, tí ń mọ imú, tí ó mu ẹmu yó lọ́jọ́ kan nígbà tí ó ń mọ ènìyàn, tí abuké, arọ àti àfín sì ti ọwọ́ rẹ̀ jáde. Ibi tí a sábà ń parí ìtàn náà sí ni pé nítorí èyí ni wọ́n ṣe jẹ́ ẹni òrìṣà, tí a kò gbọdọ̀ fi wọ́n ṣẹ̀sín. Òótọ́ ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀wọ̀ náà a máa di ìtanù nígbà mìíràn, nítorí pé ohun tí a bá yà sọ́tọ̀ fún òrìṣà kì í pẹ́ tí a fi ń yà á sọ́tọ̀ kúrò láàárín ènìyàn. Ṣùgbọ́n ibòmíràn ni èmi ń wò nínú ìtàn náà. Nígbà tí ojú Òrìṣàńlá dá, amọ̀ ń bẹ níwájú rẹ̀, àṣẹ ń bẹ lẹ́nu rẹ̀. Ó lè wó abuké kí ó tún un mọ kí ó gún régé. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹmu ni ó fi sílẹ̀, títí di òní olónìí sì ni àwọn olùsìn rẹ̀ kì í mu ún. Ìwà ara rẹ̀ ni ó tún ṣe.

Èyí gan-an ni mo rò pé ó yẹ kí ó jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ ìwé òfin fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Kí a tó bèèrè ohun tí a ó ṣe sí ọmọ tí ń fi ọwọ́ gbá etí ara rẹ̀, kí a kọ́kọ́ bèèrè bóyá etí ń dùn ún, nítorí pé irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ púpọ̀: eyín tí ó ti jẹrà, ikùn tí kò yàgbẹ́, etí tí ń ṣọyún, tí ọmọ kò ní ẹnu tí yóò fi sọ ọ́. Kí a bèèrè bóyá ariwo jẹnẹrétọ̀ ni kò jẹ́ kí ó jókòó. Ọ̀pọ̀ ohun tí a ń pè ní ìwà burúkú lára ẹni tí a ń tọ́jú, ẹ̀sùn ni ó ń fi kàn wá.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ẹjọ́ òyìnbó nìkan ni mo ń rò. Nílé wa níbí, àìmọye wèrè ni ó ti lo ọdún gbọọrọ nínú ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé oníṣègùn, tí a ń fi pàṣán lé àrùn kúrò lára wọn. Àwọn ilé àdúrà náà sì jogún ẹ̀wọ̀n náà, onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí, wọ́n fi ààwẹ̀ àfipáṣe kún un. Ìròyìn tí Human Rights Watch gbé jáde ní 2019 fi hàn pé ẹ̀wọ̀n náà ṣì wà lẹ́sẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn káàkiri Nàìjíríà. Òfin tí ìjọba amúnisìn ṣe lórí ọ̀rọ̀ wèrè ní 1916 ni a sì ń fà bọ̀ tí ó fi di oṣù kìn-ín-ní 2023, nígbà tí Ààrẹ Buhari tó buwọ́ lu òfin titun lórí ìlera ọpọlọ.

Síbẹ̀ ilẹ̀ wa yìí kan náà ni ọ̀nà mìíràn ti là, ní Aro, lẹ́yìn Abẹ́òkúta, ní 1954. Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, tí ó kọ́ iṣẹ́ dókítà nílùú Gẹ̀ẹ́sì, ni ó ní kí àwọn aláìsàn má ṣe máa gbé inú ilé ìwòsàn. Ilé àwọn àgbẹ̀ ní àwọn abúlé tí ó yí ibẹ̀ ká ni ó fi wọ́n wọ̀ sí. Aláìsàn kì í dá wá: ó gbọ́dọ̀ mú ẹbí kan dání, ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò, ẹni tí yóò máa dáná fún un, tí yóò máa fọ aṣọ rẹ̀, tí yóò sì máa tẹ̀lé e lọ sí ilé ìwòsàn ní òwúrọ̀. Ó tún pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra, wọ́n sì jọ ṣiṣẹ́. Àwọn tí ń yin Lambo a máa sọ pé ó dín owó kù, pé aláìsàn kò ṣe àjèjì sí ìgbé ayé tí ó mọ̀. Wọn kò parọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí tí ó jù ú lọ ni pé ẹbí tí ó bá aláìsàn wá jẹ́ ẹlẹ́rìí. Canton ní ẹ̀rọ ayàwòrán ní yàrá gbogbo, kò ní ìyá kan ní yàrá.

Ọ̀rọ̀ yìí ti wá kan ìdílé Yorùbá púpọ̀ ní ọ̀nà tí a kò rò tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ìjọba Bìrìtìkó ṣí ìlẹ̀kùn físà fún àwọn òṣìṣẹ́ ìtọ́jú ní oṣù kejì 2022, kí ó tó tún tì í ní 2025, ọ̀pọ̀ tíṣà, akọ̀wé báǹkì àti nọ́ọ̀sì ni ó fi ilé sílẹ̀ lọ ṣe iṣẹ́ kíà, wọ́n ń wẹ arúgbó, wọ́n ń jókòó ti ọmọ tí ó ní ọ̀tísíìmù, wọ́n ń ṣọ́ aláìsàn ọpọlọ lóru. Òfin tí wọ́n bá níbẹ̀, èyí tí a ṣe ní 2005, sọ pé olúkúlùkù ni kí a gbà pé ó lè pinnu fún ara rẹ̀ títí a ó fi rí ẹ̀rí pé kò lè ṣe é, àti pé ìpinnu tí kò bọ́gbọ́n mu kì í ṣe ẹ̀rí pé onítọ̀hún kò ní làákàyè. Ẹ jẹ́ kí a wo òṣìṣẹ́ kan láàárọ̀, kí a fi í ṣe àpẹẹrẹ. Ààbọ̀ wákàtí ni wọ́n fún un lọ́dọ̀ bàbá arúgbó kan, ilé mẹ́rin mìíràn sì ń dúró dè é. Omi gbóná ti wà ní báfù. Bàbá di apá àga mú, ó ní òun kò wẹ̀ lónìí. Gbogbo ẹ̀kọ́ ilé tí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ ní Ìbàdàn ń sọ fún un pé ìtìjú ni kí àgbà máa rùn lójú ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀. Ẹ̀kọ́ ilé kan náà sì ń sọ fún un pé a kì í fa àgbà lọ́wọ́ tu. Bí ó bá gbé e lápá, ìṣẹ́jú márùn-ún ni, bàbá yóò sì mọ́. Bí ó bá bi í léèrè, yóò gbọ́ pé omi ti àná tutù, pé ọkùnrin ni òun ń fẹ́ kí ó máa wẹ òun, tàbí pé lónìí ni ìyàwó òun kú ní èṣí. Ìwé iṣẹ́ rẹ̀ kò ní àyè fún ìyàwó tí ó kú. Àyè tí ó ní kò ju kí ó kọ ọ́ pé bàbá kọ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ ńlá inú iṣẹ́ yìí ń bẹ̀rẹ̀ láti ibi kékeré bẹ́ẹ̀, nígbà tí kíkọ̀ ẹnìkan bá di ohun tí ń dá iṣẹ́ dúró lásán, tí kò jẹ́ ọ̀rọ̀ mọ́. Àwọn èèwọ̀ yòókù, pé kí a má tú àṣírí onílé, kí a má gba ẹ̀bùn tí yóò dí ni lójú, kí a má fi aláìsàn ṣe àfẹ́sọ́nà, gbogbo oníṣẹ́ ló mọ̀ wọ́n, kò sì yẹ kí a tún máa kọ́ àgbàlagbà.

Kíkọ̀ tí a kò ka sí ọ̀rọ̀ sì lè yọrí sí ikú. Ní 2010, Olaseni Lewis, ẹni ọdún 23, fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ ilé ìwòsàn ọpọlọ Bethlem ní London láti gba ìtọ́jú. Nígbà tí ó fẹ́ jáde, a kò jẹ́ kí ó jáde. Ọlọ́pàá mọ́kànlá dì í mọ́lẹ̀, ó sì kú. Ìyá àti bàbá rẹ̀ kò sinmi títí di 2018, nígbà tí ilé aṣòfin Bìrìtìkó ṣe òfin tí a fi orúkọ rẹ̀ pè, pé ilé ìwòsàn ọpọlọ gbọ́dọ̀ máa kọ gbogbo ìgbà tí a bá lo ipá sílẹ̀, kí ẹnìkan pàtó sì wà tí yóò máa jẹ́jọ́ rẹ̀, kí ọlọ́pàá tí a bá pè sì gbé ẹ̀rọ ayàwòrán sára.

Ó di dandan kí ẹnìkan bi mí pé, ṣé bí ọmọ bá ń sá bọ́ sí títì márosẹ̀ ní Ọjọ́ta, kí a dúró bèèrè ìfọwọ́sí rẹ̀? Rárá o. Kí a gbá a mú, kódà bí ó bá ké, nítorí pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ṣùgbọ́n ipá ọjọ́ yẹn jẹ́ gbèsè. Ẹni tí ó lò ó ní láti sọ fún òbí lọ́jọ́ náà, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó sì wádìí ohun tí ọmọ náà ń sá fún. Kò sì gbọdọ̀ di àṣà tí yóò máa tún lọ́la láti fi mú un jókòó kọ ABD. Ìwé òfin tí àjọ àwọn atúnwàṣe ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 2022 ti wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé gbígbà ẹni tí a ń tọ́jú ṣe pàtàkì, ìbáà fi ẹnu gbà, ìbáà fi ara gbà. Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó dé ibẹ̀, ìbejì inú yàrá iná yẹn ìbá ti di baba ọmọ.

Nílé, àwọn ilé ìtọ́jú fún ọmọ tí ó ní ọ̀tísíìmù ti ń yọ ní Èkó àti ní Ìbàdàn, àwọn òbí sì ń tà, wọ́n ń rà, kí wọ́n lè sanwó rẹ̀. Òbí tí ó bá fẹ́ fi ọmọ síbẹ̀, ìbéèrè tí mo rò pé ó yẹ kí ó kọ́kọ́ bi wọ́n kì í ṣe ti iye ọ̀rọ̀ tí ọmọ yóò mọ̀ láàárín oṣù mẹ́fà. Kí ó bi wọ́n pé, bí ọmọ mi bá kọ̀, kí ni ẹ ń ṣe? Kí ó sì wo ojú ẹni tí yóò dáhùn. Lẹ́yìn èyí, kí ó bèèrè bóyá òun lè wá jókòó sí kọ̀rọ̀ yàrá náà ní ọjọ́ tí ó bá wu òun, láìsọ tẹ́lẹ̀, bí àwọn ìyá ti ń jókòó ní abúlé Aro. Bí wọ́n bá ní òbí kò gbọdọ̀ wọlé ní wákàtí iṣẹ́ nítorí pé yóò dí ọmọ lọ́wọ́, kí ó kí wọn pé wọ́n kú iṣẹ́, kí ó mú ọmọ rẹ̀, kí ó máa lọ.